Ọjọ́ Kan Tí Ìyá Ìgò Fi Kún Un

Òkè ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ ni yàrá àyẹ̀wò náà wà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àárín àwọn tí inú ń bí kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọn májèlé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá Ìgò fi gun àtẹ̀gùn ibẹ̀. Ó máa ń sọ pé májèlé lòun fẹ́ràn jù nínú méjèèjì, nítorí májèlé kì í bá òun jà lórí ìlà.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ tó bá ní pàǹtírí tó léwu, ìbáà ṣe gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọ̀dà, ìbáà ṣe eérú tàbí àfọ́kù gílóòbù, kò gbọdọ̀ dà á síbì kankan àyàfi bó bá kọ́kọ́ bù díẹ̀ wá kí ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò. Bí májèlé inú rẹ̀ bá ju iye tí òfin gbà lọ, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọnkéré sé irú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí kò bá jù ú lọ, wọ́n lè fi dí kòtò, kí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí, kí ayé máa lọ. Ìyá Ìgò ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà ló ń fọwọ́ sí ìwé.

Kì í ṣe bó ṣe wù ú ló ń yẹ̀ ẹ́ wò o. Ìwé Ìlànà kan wà tí ìjọba fọwọ́ sí, ìwé tó nípọn bí ìrọ̀rí, tó sọ bí wọ́n ṣe máa bù ú, bí wọ́n ṣe máa gbẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe máa lọ̀ ọ́ àti bí wọ́n ṣe máa wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ṣe ohun tó wà nínú ìwé kò lè jẹ̀bi. Ẹni tó bá ṣe ohun tí kò sí níbẹ̀, kódà bó bá gbọ́n ju ìwé lọ, kó yáa lọ wá ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀ fún un.

Inú ìwé yìí náà ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti jáde. Ìwé ní kí wọ́n tọ́jú ìyókù pàǹtírí sínú ìgò fún ọdún kan, kí wọ́n sì dà á nù. Ìyá Ìgò ń tọ́jú, kò dà nù. Ìgò kún yàrá ẹ̀yìn láti ilẹ̀ dé àjà, nọ́ńbà àti déètì lára gbogbo wọn. “Èyí tí mo bá sọ nù lónìí ni wọ́n máa béèrè lọ́la,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bó bá kú, inú ìgò làwọn máa sin ín sí.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló dá wọn lóhùn. “Ẹ má ṣáà gbàgbé déètì.”

Ó tún ní àṣà kejì. Ìwé ní kí wọ́n gbé pàǹtírí sínú ààrò oníná fún ọjọ́ kan kí omi ara rẹ̀ gbẹ, nítorí ẹni tó bá wọn nǹkan tútù ń wọn omi mọ́ ọn ni. Ọjọ́ méjì ni Ìyá Ìgò máa ń gbé e síbẹ̀. Ó ní omi a máa fara pamọ́. Kò sẹ́ni tó rán an. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ta ló máa dá àṣejù dúró lójú ọ̀nà nígbà tó bá wọ aṣọ ìmọ́tótó? Àwọn ọ̀gá yìn ín. Wọ́n tilẹ̀ fún un ní àwo kan tí wọ́n kọ “Aláìṣìṣe” sí, ó sì ń gbé kúkísì sórí rẹ̀.

Ó ku oṣù méjì kó fẹ̀yìn tì ni ìwé tuntun dé láti olú ilé iṣẹ́. Ìjọba fẹ́ tún Ìlànà ṣe. Wọ́n ní kí yàrá àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan fi pàǹtírí tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn dán ọ̀nà tuntun wò pẹ̀lú ọ̀nà àtijọ́, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ láàárín ogójì ọjọ́. Ìyá Ìgò kà á látòkè délẹ̀, ó ń mi orí, títí ó fi dé ìlà kẹrìnlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé pàǹtírí tó bá ní mákúrì nínú, ìyẹn nǹkan fàdákà tó máa ń sáré nínú gíláàsì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà, wọn kò gbọdọ̀ fi iná gbẹ ẹ́ mọ́. Mákúrì a máa bá ooru fò lọ. Bó bá ṣe pẹ́ nínú ààrò tó ni ìyókù rẹ̀ ṣe máa kéré tó.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó tún ìlà kẹrìnlá kà, ìlà náà kò yí padà.

Ìgò kẹtàdínlógójì ló sọ sí i lọ́kàn, ti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe gílóòbù gbọọrọ, irú èyí tí mákúrì máa ń wà nínú rẹ̀, ló bu àfọ́kù wá. Ó gbé e sínú ààrò fún ọjọ́ méjì, ó wọ̀n ọ́n, ó mọ́, ó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi gbogbo rẹ̀ dí kòtò ńlá kan ní ẹ̀yìn ìlú, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ lé e, wọ́n sì pín ilẹ̀ ibẹ̀ tà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, káfíńtà tí kì í ra ìṣó láìbéèrè lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta, wá bá a nígbà náà.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní pàǹtírí wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn. Ṣé kí n rà á?”

“Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́.”

Ó tó. Ó rà á, ó kọ́lé, ó gbẹ́ kànga. Ó gba ẹ̀dà ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ sí, ó fi igi dáadáa kan férémù sí i, ó sì gbé e kọ́ sí pálọ̀, lókè fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ó wà lókè. Kò sọ nǹkan kan, àfi lójoojúmọ́.

Ìyá Ìgò gbé ìwé tuntun lọ bá olórí yàrá àyẹ̀wò, ọkùnrin kan tí Ìyá Ìgò fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù lọ, tí gbogbo wọn ń pè ní Kò-sí-wàhálà.

“Mama, ẹ ṣáà kọ ‘A ti rí i, ó dára’ sí i, kí n fọwọ́ sí i.”

“Ọ̀gá, wọ́n ní ká dán an wò.”

“Ẹni tó bá ní ohun tó máa fi dán an wò ni wọ́n ń bá wí.”

“Mo ní ìgò.”

“Ẹ ní ìgò!” Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyẹn dà bí ìgbà tí òkun bá ní òun ní omi. Èwo lẹ fẹ́ lò?”

Ó sọ ọ́ fún un, àti ìdí rẹ̀. Kò-sí-wàhálà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn.

“Mama, oṣù méjì ló kù. Ìgò yẹn gan-an, òfin ní kó ti kúrò nílẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá. A ò lè fi ohun tí kò yẹ kó wà ṣe àyẹ̀wò.”

“Ẹ bá mi wí lórí ìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán ná.”

“Bí ó bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?”

“Àbúrò mi ń mu omi ibẹ̀, Ọ̀gá.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn tó ti. “Wàhálà,” ló wí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn sọ pé àwọn kò gbọ́ ọ kó dá ọ̀rọ̀ yẹn pè rí.

Ìyá Ìgò pín ohun tó wà nínú ìgò náà sí mẹ́ta. Ó wọn ọ̀kan bó ṣe wà, láìfi iná kàn án, bí ìwé tuntun ṣe wí. Ó gbé èkejì sínú ààrò fún ọjọ́ kan, bí ìwé àtijọ́ ṣe wí. Ó gbé ẹ̀kẹta síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe wí. Ogún ni òfin gbà; ohun tó bá ti ju ogún lọ, kọnkéré ló yẹ ẹ́.

Èyí tí kò rí iná jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ọlọ́jọ́ méjì jẹ́ mẹ́sàn-án.

Ọlọ́jọ́ kan jẹ́ mẹ́rìnlélógún.

Ó jókòó sórí àga gíga tó wà níbẹ̀. Ó ti ń retí pé ìwé àtijọ́ ló máa jẹ̀bi. Ìwé àtijọ́ kò gbọ́n, lóòótọ́, ó jẹ́ kí púpọ̀ fò lọ. Ṣùgbọ́n kó tẹ̀ lé e ṣákálá ni, kó ṣe é bí ọ̀lẹ èèyàn ṣe máa ṣe é, ì bá ti mú májèlé náà. Ọjọ́ kan tó fi kún un ló fọ ilẹ̀ yẹn mọ́, lórí ìwé. Ní ti mákúrì tó fò lọ, ẹnu ààrò ló gbà jáde sínú yàrá tí gbogbo wọn ń mí sí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ orí ló máa ń dá lẹ́bi.

Kò-sí-wàhálà ka ìlà mẹ́ta náà lórí ìdúró.

“Ẹ wò ó, Mama,” ó rọra wí. “Ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìlà ìkẹyìn ti tó fún wọn. Wọ́n á rí i pé iná kò dára, wọ́n á tún ìwé wọn ṣe. Ta ni ìlà àárín, ti ọlọ́jọ́ méjì yẹn, wúlò fún?”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu; ìyẹn ló burú nínú rẹ̀. Bí ìlà àárín bá kúrò, ìwé ló ṣìnà, Ìyá Ìgò á sì lọ sinmi pẹ̀lú àwo kúkísì rẹ̀. Bó bá dúró, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé kà ló máa mọ ẹni tó ṣìṣe. Ó ronú lé e títí tíì rẹ̀ fi tutù.

“Ó wúlò fún ẹlòmíràn tó bá ń fi ọjọ́ kan kún un,” ó wí. “Èmi nìkan kọ́ ni mo mọ́ tónítóní láyé yìí.”

Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fọwọ́ sí i. Kò-sí-wàhálà náà gba bírò, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ rẹ̀, ó sì ní kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Láàárọ̀ Sátidé ó lọ sílé àbúrò rẹ̀. Férémù wà lára ògiri, ó ń dán. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé omi wá nínú ife. Ó gbà á, ó sì gbé e kalẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ ò mu omi? Àbí omi wa ò mọ́ tó? Ẹ̀yin náà lẹ mà fọwọ́ sí i o.”

“Bá mi pe ọkọ rẹ.”

Káfíńtà náà wọlé, lẹ́búlẹ́bú igi ló kún irun rẹ̀. Ìyá Ìgò sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì, láìfepo bọyọ̀: ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, iye tó jẹ́, iye tó pè é. Ìyàwó náà gbé ife kúrò nílẹ̀, ó lọ da omi rẹ̀ nù síta, ó sì dúró síbẹ̀.

“Ìwé ìjọba ló ṣìnà, àbí?” ni àbúrò rẹ̀ béèrè. Ó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

“Rárá. Èmi ni.”

“Kí lẹ ṣe?”

“Mo fi ọjọ́ kan kún un.”

“Nígbà tá a wà ní kékeré,” ni àbúrò rẹ̀ wí, “ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa ń fọ abọ́. Ẹ fọ òdòdó ara abọ́ Màmá tán pátápátá. Ọdún mọ́kànlá, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ mi ń mu ún.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀.”

Ó lọ síbi ògiri, ó já férémù náà sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìgò rò pé ó fẹ́ là á mọ́lẹ̀, kò sì ní dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni. Ó yí i dojú bolẹ̀, ó yọ ìṣó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó fa ìwé jáde, ó nà án sí i.

“Nọ́ńbà wà lórí ẹ̀. Ẹ máa nílò rẹ̀.”

Wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìyá Ìgò fa omi kànga, ó bù ú sínú ìgò mẹ́ta, ó kọ déètì. Àbúrò rẹ̀ kò dúró de ohun tí ìgò máa sọ. Ó gbé pákó wá, ó wọn ẹnu kànga, ó tún un wọ̀n. Ó fẹ́ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ó sì ká tépù rẹ̀ jọ.

“Ẹ bá mi mú ìṣó dání.”

Ó kàn án pa. Ìró òòlù mú kí aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri, ó wò wọ́n, ó tún wọlé.

“Ilé mẹ́rìnlá ló wà lórí ilẹ̀ yìí,” ni àbúrò rẹ̀ wí, kò wò ó. “Férémù tèmi yẹn, gbogbo wọn ló ti wá kà á kí wọ́n tó rà.”

Ìyá Ìgò ká ìwé náà dání. Ó jáde gba iwájú, káfíńtà tẹ̀ lé e pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Níbi ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó kànkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

“Ta nìyẹn?” ni obìnrin kan béèrè láti inú ilé.

Ó ní orúkọ ìnagijẹ, ó ní orúkọ oyè níbi iṣẹ́. Kò lo ìkankan nínú wọn.

“Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ yín ni,” ó wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn.”