Orúkọ Màmá Ló Wà Lára Káàdì

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà nígbà tí èmi àti Bọ̀dá Múfú gbéra ní Mamobi. Láti Ọ̀fà ni mo ti wá kí i ní Accra. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bọ̀dá, Accra ni wọ́n bí i sí, aṣọ ló ń tà ní Adabraka. Koforidua là ń lọ, kí á lọ gbé Màmá Sífáwù, ẹ̀gbọ́n àwọn bàbá wa, tí wọ́n tọ́ Bọ̀dá láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ náà ni Màmá máa wọ bàálù lọ sí Mẹ́kà. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń tà, ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi tu owó náà jọ. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà sì ti kìlọ̀ pé bó bá ti di aago méjìlá ọ̀sán, ẹni tí kò bá tíì wọ inú pápákọ̀ òfuurufú kò lè lọ mọ́.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí Màmá kò wá sùn ní Accra lálẹ́ àná. Èmi náà béèrè, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń béèrè. Bọ̀dá ní Màmá ò tíì tọrọ àforíjì tán. Ẹ̀yin Mùsùlùmí ilé mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà á kárí àwọn aládùúgbò, á ní kí wọ́n yọ́nú sí òun, torí pé ó lè má padà. Àdúgbò kan làwa ń kárí. Màmá ti lo ogójì ọdún ní Koforidua, odindi ìlú ni wọ́n ń kárí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀nà wọn dán. Láti Madina dé Adenta a ò bá kòtò kan pàdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni títì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, kùrukùru sì bo ìsàlẹ̀. Ní Mamfe a ra kóko àti kóósé. Ògì wa náà ni kóko, àfi pé wọ́n ń fi ata àti atalẹ̀ sí i. Àkàrà ni kóósé. Sídì mẹ́wàá la san fún àwa méjèèjì. Mo fẹ́ ṣírò rẹ̀ sí náírà, mo pa á tì kí oúnjẹ má baà há mi lọ́fun.

Níbẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ojú Bọ̀dá kì í kúrò lára ọwọ́ kékeré tó ń fi ooru ẹ́ńjìnì hàn. Mo ní ṣé kò sí nǹkan. Ó fa káàdì kan yọ lápò. Ẹgbẹ́ kan ni, irínwó sídì ló ń san sí i lọ́dọọdún, pé bí mọ́tò bá kú sójú ọ̀nà, wọ́n á gbé ọkọ̀ agbọ́kọ̀ wá. “Ọdún kẹrin rèé, mi ò tíì pè wọ́n rí,” ló wí, ó ń yangàn. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé owó tó ń dà sómi nìyẹn. Ní Ọ̀fà, ẹni tó ń kọjá ló ń bá ni ti mọ́tò, a ó sì máa ṣàdúrà fún un títí tí a ó fi délé.

Nígbà tí a dé Koforidua, ilé kan péré ló kù fún Màmá, òun ló sì le jù. Obìnrin tí ògiri tiwọn jọ pààlà ni. Ọdún mẹ́ta ni wọn ò ti kí ara wọn nítorí omi gọ́tà. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń kanlẹ̀kùn.

“Mi ò ní wọ mọ́tò yín,” ni Màmá sọ fún wa, “bí kò bá ṣílẹ̀kùn fún mi.”

Ìdajì wákàtí gbáko kọjá kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Obìnrin náà dì mọ́ Màmá, àwọn méjèèjì sunkún. Inú mi dùn sí wọn, ṣùgbọ́n aago ni mo ń wò. Ó lé ní aago mẹ́jọ àbọ̀ kí a tó kúrò níbẹ̀.

A ti kọjá Mamfe, ó ku díẹ̀ ká bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí Ayi Mensah, nígbà tí èéfín funfun bo iwájú wa. Ẹ́ńjìnì hó gùdùgùdù, ó sì dákẹ́. Kọ́nà ló kú sí, níbi tí tírélà ti lè já lé wa lórí láìrí wa. Bọ̀dá sáré já ewé, ó tẹ́ ẹ sẹ́yìn mọ́tò kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀, bí a ti ń ṣe nílé gẹ́lẹ́. Aago mẹ́sàn-án àbọ̀ ti lù.

Ó pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin tó gbé e ní ọkọ̀ agbọ́kọ̀ wà ní Tema, yóò dé láàárín wákàtí méjì. Ó wá béèrè orúkọ tó wà lára káàdì. Bọ̀dá dárúkọ Màmá. Ọmọbìnrin náà ní ó dáa, kí Màmá dúró ti mọ́tò pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀ wọn, torí pé bí awakọ̀ àwọn kò bá bá wọn níbẹ̀, yóò yí padà ni. Ó ní àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ agbọ́kọ̀ jí mọ́tò gbé ló fà á.

“Madam, mepa wo kyɛw,” ni Bọ̀dá ń wí, ẹ̀bẹ̀ nìyẹn lédè Twi, “ìyá mi ni, Mẹ́kà ni wọ́n ń lọ, lọ́sàn-án yìí ni!”

Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n òfin ni.

Mo yíjú sí i. “Bọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi orúkọ Màmá sí i?”

“Owó Màmá la fi ra mọ́tò. Ṣé kí n wá fi orúkọ tèmi síwájú tiwọn ni?”

Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò lè dúró nínú wa ni wọ́n ní kó dúró. Bọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó: bóyá ọkọ̀ náà á yára dé, bóyá wọ́n á gbé gbogbo wa pọ̀. Mo mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Mọ́tò yẹn ló fi ń kó ọjà, tírélà kan sì ti tó láti rún un ní kọ́nà yẹn.

“Màmá,” ló wí, “ẹ jẹ́ ká fún wọn ní wákàtí kan.”

A kì í jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n mo jágbe. “Wákàtí wo? Ọdún mọ́kànlá ńkọ́?”

Màmá dìde lórí òkúta tí wọ́n jókòó sí. “Múfú, ṣé mọ́tò ló máa bá mi dúró ṣàdúrà ní Àráfà?”

Ojú ti Bọ̀dá. Ó sáré bọ́ sójú títì, ó ń na ọwọ́ sí tró-tró, bọ́ọ̀sì elérò wọn. Mẹ́rin kọjá, gbogbo wọn ló kún. Ìkarùn-ún ní àyè ẹyọ kan fún Màmá. Kọ́ńdọ́, tí wọ́n ń pè ní “mate”, fún mi ní ìjókòó tirẹ̀. Àpótí Màmá kò ráyè. Màmá ní ká fi í sílẹ̀ ní búùtù, ìwé ìrìnnà wà lọ́wọ́ àwọn, aṣọ ọrùn àwọn sì ti tó. Bọ̀dá nìkan ló ṣẹ́ kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò.

“Hajia, ẹ jókòó dáadáa o,” ni awakọ̀ wí. Bí wọ́n ti ń pe gbogbo obìnrin Mùsùlùmí níbẹ̀ nìyẹn.

Màmá fi Twi dá a lóhùn pé àwọn ò tíì di Hajia, pé ọwọ́ rẹ̀ ló kù sí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ iná, etí mi sì dí bí a ti ń já bọ́ láti orí òkè.

Ní Madina, ọ̀nà dí pa. Aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Kí n tó la ẹnu, Màmá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ń pe ọlọ́kadà. Okada náà ni wọ́n ń pè é ní Accra. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, tí kò gun alùpùpù rí, ká aṣọ funfun sókè, ó di ọlọ́kadà mú gírígírí. Mo gun òmíràn tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀rù bà mí débi pé omi ń bọ́ lójú mi láìmọ̀. Tèmi kò yára tó. Nígbà tí mo dé pápákọ̀, ẹ̀yìn Màmá ni mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn dígí, ọkùnrin kan ń juwọ́ pé kí wọ́n sáré, pé àwọn ló kẹ́yìn. Wọn ò bojú wẹ̀yìn, mi ò sì rí wọn kí pé ó dàbọ̀.

Mo pe Bọ̀dá títí, kò wọlé. Ẹgbẹ́ ló ti fi fóònù rẹ̀ pè títí iná fi tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin onímọ́tò ilé, bí ẹ bá bi mí bóyá irú owó ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí sísan, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Bọ̀dá sọ fún mi nígbà tó yá pé ọkọ̀ náà dé lóòótọ́, nígbà tí aago méjìlá ti kọjá. Awakọ̀ béèrè Màmá, ó pe ọ́fíìsì, ó sì yí padà lófo. Mẹkáníìkì kan láti Aburi ló fi okùn wọ́ mọ́tò náà wálé. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé mọ́tò ni wọ́n ń gbà sílẹ̀. Ibi tí ẹ ń lọ, ọwọ́ yín ló wà. Bí ẹ bá ní owó rẹ̀, ẹ san án, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó ń wakọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn bọ̀wọ̀ fún àgbà.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí Bọ̀dá dé Mamobi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, kò kí mi.

“Ṣé wọ́n wọlé?”

“Wọ́n wọlé. Àwọn ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n wọlé.”

Bọ̀dá Múfú, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí, ó sì bú sẹ́kún.