Bí A Ṣe Gba Afárá Lọ́wọ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Méjì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun ọ̀kadà kọjá lórí afárá wa, ọ̀rọ̀ náà ò tíì pẹ́ rárá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà ni, mo padà sí abúlé wa lọ́nà Ìkòyí-Ilé, mo rò pé ọ̀rọ̀ yúníọ̀nù àti ìwọ́de ti tán lára mi.

Odò ló pààlà láàárín ìjọba ìbílẹ̀ tiwa àti ti òdìkejì. Tiwa la ọ̀nà dé etí omi, ó dúró. Tiwọn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bá a bá béèrè afárá, oníkálukú á ní, "Ẹ lọ bá àwọn ọ̀hún." Lójò, tòmátì á jẹrà lóko, aláboyún á jókòó sétí omi, á máa retí kí odò fà.

Ìyá Ràfíátù tó ń dín gààrí ló wá bá mi nílé.

"Tíṣà, ẹ kú ìsinmi o. Ṣé ẹ ti sinmi tó?"

Ẹ̀rín pa mí. Ó ní ká kó àwọn ará òdìkejì mọ́ra, torí ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè. A wọ́dò lọ bá Díákónì, olórí àgbẹ̀ wọn. Ó lejú mọ́ wa.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa jà lórí ilẹ̀?"

"Díákónì," Ìyá Ràfíátù dáhùn, "ilẹ̀ ò níí sá lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ọ̀nà dé ibi tá a ó ti máa jà á."

Díákónì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ọjà, abúlé méjèèjì jókòó sí bèbè odò, a ní a ò níí dìde àfi tí àwọn alága méjèèjì bá wá. Wọ́n wá, tàwọn tọlọ́pàá. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan béèrè pé, "Ta ló ni odò yìí gan-an?"

Díákónì dìde. "Ẹ má béèrè ẹni tó ni ín. Ẹ béèrè àwọn tí odò gbé lọ. Ọmọ àbúrò mi wà lára wọn."

Àwọn alága méjèèjì ní kí wọ́n gbé àwòrán ilẹ̀ wá. Ìgbà tí wọ́n tẹ́ àwòrán ilẹ̀ méjèèjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò ni wọ́n tó rí i pé àwọn ọ̀nà náà ò tilẹ̀ kojú síra. Wọ́n gbà láti jọ kọ́ afárá láàárín ọ̀nà méjèèjì bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà fi ṣẹ́ kọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó gun afárá.

Ìyá Ràfíátù ti lọ bá Ọlọ́run rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, Díákónì bọ́ bàtà, ó dúró tì wá títí a fi kírun sí i lára. Lẹ́yìn afárá náà, ìjọba kọ̀ọ̀kan ṣì dá lọ kọ́ ọjà tirẹ̀. Kò sí èyí tó kún níbẹ̀. Afárá la rí gbà. Kí wọ́n máa jókòó pọ̀ kí wọ́n tó gbèrò, ìyẹn ni gbèsè tí wọ́n ṣì jẹ wá. Ẹ̀yin lẹ ó gbà á.