Ọjọ́ Tí Mo Kúnlẹ̀ Kí Ìyá Àgbà Pẹ̀lú Irin Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Baruwa, tí mo sì ń lọ sí ilé ìwé girama kan lẹ́bàá Gowon Estate, kò sí ẹni tí mo fẹ́ràn láti máa wò tó olùkọ́ eré ìdárayá wa. Obìnrin ni wọ́n. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọn kò ga, wọn kò sanra, ohùn wọn kò sì le rárá, àmọ́ bí wọ́n bá di irin mú, ẹ ó rò pé irin náà ti mọ̀ wọ́n tipẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń sanwó kí ẹ tó wọ ilé ìgbé-irin tó ní fáànù àti dígí, ẹ̀yìn ilé Àǹtí ni tiwa. Yàrá méjì ni àwọn àti ọkọ wọn háyà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nínú Gowon Estate, ẹ̀yìnkùlé tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó irin sí. Irin gígùn kan wà, tí wọ́n ki gíà mọ́tò tó ti bàjẹ́ bọ̀ lẹ́nu méjèèjì. Irin kékeré méjì wà, èyí tí à ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ìkẹta ni irin rogodo kan tó ní ọwọ́ lókè bíi ti kẹ́tù, irin kẹ́tù la sì ń pè é. Nígbà tí Àǹtí kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ yẹn fún wẹ́dà kan ní Ìpájà, wẹ́dà gbọ́ kẹ́tù, ó fara balẹ̀, ó jó ẹnu kẹ́tù mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àǹtí kò jẹ́ kó gé e kúrò. Wọ́n ní ó ti ṣe wàhálà jù.

Kì í ṣe agbára ni mo fi ń rántí Àǹtí. Àwọn alágbára pọ̀ ní àdúgbò wa. Àwọn tó ń já sìmẹ́ǹtì ní Baruwa ń gbé àpò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Inú ìtò ni ọgbọ́n Àǹtí wà. Wọ́n máa ń to oríṣiríṣi ìgbé-irin tẹ̀ lé ara wọn, a ó sì ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsọ irin kalẹ̀. A ó gbé e kúrò nílẹ̀, a ó fà á mọ́ ikùn, a ó já a gbà sí àyà, a ó tì í lọ sókè orí, a ó wá gbé e lé èjìká, a ó lósòó, a ó sì dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni a ó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan kí irin tó fojú kan ilẹ̀. Kí a má bàa gbàgbé èyí tó kàn, wọ́n fi ibùdókọ̀ sọ wọ́n lórúkọ: Ìyànà Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdímù, Ìkòtún, Ìgàndò. Bí o bá sọ irin kalẹ̀ ní Ìdímù, gbogbo wa á pariwo pé, "Ó bọ́ọ́lẹ̀ lọ́nà!" Ìyànà Ìpájà ni wàá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn láti máa wo Àǹtí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ètò yìí. Wọ́n á jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìwé ìkọ̀wé àti pẹ́ńsù, wọ́n á ya ènìyàn tín-ín-rín tó ń gbé irin, wọ́n á ya òmíràn sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á sì pa á rẹ́. Wọ́n á gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè. Wọ́n á dìde, wọ́n á fi ara wọn dán an wò, wọ́n á mi orí, wọ́n á tún jókòó. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló le nínú rẹ̀.

"Ibi tí èyí bá parí sí ni ìkejì gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Bí mo bá jẹ́ kí o máa wá irin kiri láàárín, èmi ni mi ò tò ó dáa."

Èyí tó gba làákàyè jù ló máa ń ṣáájú nínú ìtò wọn, nígbà tí ara ṣì yá. Èyí tí oríkunkun nìkan lè parí ló máa ń gbẹ̀yìn. Wọ́n mọ ìwà irin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Lórí irin gígùn, ọwọ́ kan lè máa bo àṣírí èkejì. Irin kékeré méjì ló tú àṣírí tèmi, torí apá òsì mi a máa gbọ̀n nígbà tí ọ̀tún bá ń ṣe fáàrí. Irin kẹ́tù a máa fì, ẹni tó bá bá a jà ló máa pa lára.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ń yan ìwọ̀n. Wọn kì í bi ẹnikẹ́ni pé mélòó ló lè gbé. Wọ́n á wo gbogbo ìtò náà, wọ́n á wá ibi tó nira jù fún ẹni yẹn, ìwọ̀n tó bá gbà níbẹ̀ ni yóò gbé dé òpin. Ẹsẹ̀ mi le dáadáa, àmọ́ apá mi kò ju ti ọmọ jẹ́léósinmi lọ. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi kún un.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ mi gbà á jàre!"

"Ẹsẹ̀ ẹ gbà á. Ṣé ẹsẹ̀ nìkan ló ń lọ sí Ìgàndò ni?"

Bí mo ṣe ń gbádùn ara mi lọ nìyẹn tí ìròyìn fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Mẹkáníìkì ni bàbá mi, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ibẹ̀ sì ni ìyá wọn wà. Títí dòní, n kò mọ ẹni tó lọ sọ fún Ìyá Àgbà pé ọmọ ọmọ wọn obìnrin ń gbé irin ní Èkó. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi dé ti àwọn ti báàgì. Wọ́n ní irin á ba ilé ọmọ mi jẹ́, n kò sì ní rọ́mọ bí. Wọ́n ní ọjọ́ Sátidé ni àwọn máa mú mi lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ni n ó ti parí ìwé mi. Bàbá mi kò lè bá ìyá wọn jiyàn. Ìyá mi ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè wọ ọkọ̀ yẹn, irin parí fún mi nìyẹn.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeé, mo yọ́ lọ dágbére fún Àǹtí. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, wọ́n ní kí n ṣe ìtò kan kí n tó lọ. Irin kẹ́tù ni wọ́n tọ́ka sí. Mo fì í, mo gbé e sí èjìká, mo tì í sókè pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ó ku kí n fi rin ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Mo yí padà báyìí, Ìyá Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé! Wọ́n ti fipá gba àpèjúwe ilé náà lẹ́nu ìyá mi.

Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ń ṣe bó bá rí ìyá bàbá rẹ̀? N kò tilẹ̀ ronú. Orúnkún kan lọ sílẹ̀, ìkejì tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, irin sì wà lókè orí mi.

"Ẹ káàsán mà," ni mo wí.

Ìyá Àgbà kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kì í dìde kí àgbà tó dáhùn, irin Àǹtí kò sì gbọdọ̀ kanlẹ̀ kí ìtò tó parí. Mo há sáàárín. Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Àǹtí náà ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń kí Ìyá Àgbà kú ìrìn, àmọ́ wọ́n ti tẹ́ ọwọ́ sí abẹ́ irin náà, wọn kò kàn án.

"O ò ní gbé nǹkan yẹn sílẹ̀ ni?" ni Ìyá Àgbà sọ nígbà tó yá.

"Mi ò tíì parí ẹ̀ mà."

"Ta ló wá ní kí o kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ wọlé mà."

Wọ́n wò mí lọ, wọ́n wò mí bọ̀. "Dìde jàre," ni wọ́n wí. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, mo fi tilẹ̀, mo dìde. Mo rin ìgbésẹ̀ mi pé mẹ́wàá, mo sì rọra sọ irin kalẹ̀.

N kò mọ̀ pé Ìyá Àgbà kò wo irin mọ́. Orúnkún mi ni wọ́n ń wò. Ó ti lé ní ọdún méjì tí wọ́n ti ń jókòó sórí àga kírun, torí bí wọ́n bá fi lè forí kanlẹ̀, ènìyàn méjì ló ń gbé wọn dìde. Ojú ń tì wọ́n, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni bó ṣe ń dùn wọ́n tó.

"Kí lo ṣe sí orúnkún ọmọ yìí," ni wọ́n bi Àǹtí, "tó fi ń gbé òun àti irin dìde?"

"A tò ó ni mà. Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ilé ọmọ ẹ̀ ń kọ́?"

Àǹtí kò bá wọn jiyàn. Wọ́n kàn pe àwọn ọmọ tiwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde nínú ilé pé kí wọ́n wá kí Ìyá. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n lè to ti àgbàlagbà náà?"

Àǹtí, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ní kí Ìyá Àgbà ṣàlàyé fún àwọn bí wọ́n ṣe ń kírun. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́: ìdúró, ìtẹ̀ríba, ìforíkanlẹ̀, ìjókòó, ìdìde. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá, wọ́n ti tò ó kó tó kàn mí o." Ìdìde nílẹ̀ ló nira jù fún Ìyá Àgbà, ibẹ̀ ni Àǹtí sì ti mú ìwọ̀n. Ọwọ́ òfìfo ni ìwọ̀n náà. Orí àpótí gíga ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dìde, lẹ́yìn náà èyí tó kúrú, lẹ́yìn náà ìrọ̀rí méjì lórí ilẹ̀, títí wọ́n fi ń mú agolo wàrà oníyanrìn méjì dání. Ìkúnlẹ̀ tèmi náà wọ inú ìtò irin kẹ́tù wa láti ọjọ́ yẹn. "Ẹ káàsán mà" ni Àǹtí sọ ọ́ lórúkọ.

Sátidé kọjá, a kò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́; Ìyá Àgbà dúró lọ́dọ̀ wa ní Baruwa. Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ti ilé ìwé dé bá Ìyá Àgbà lórí ẹní wọn. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n sì dìde fúnra wọn. Wọ́n kírun tán, wọ́n tún lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n tún dìde, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi náà sunkún níbi tí mo dúró sí.

Nǹkan ti yí padà gan-an. Ilé ìgbé-irin pọ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá báyìí, wọ́n kọ ìwọ̀n sára irin níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin sì ń gbé e láìsí ìyá àgbà kankan tó máa wá láti ilé. Inú mi ń dùn sí i. Mo bí ọmọ márùn-ún, mo ṣì ń lọ bá wọn gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Àmọ́ ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi ẹni tó bá wọlé ni pé mélòó lo lè gbé. N kò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ béèrè pé níbo ló ti nira fún ọ.

Àǹtí kó kúrò ní Gowon Estate nígbà tí mo wà ní kíláàsì àṣejáde. Wọ́n ní Abẹ́òkúta ni, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, mo bá wọn gbé àpótí, mo bá wọn ṣeré, mo ní ó dàbọ̀. Mo rò pé àyè ọpẹ́ ṣì wà. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá rí ibi tí agbára yín ti kéré jù, tí kò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn yín lọ́wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kó ẹrù. Èmi jẹ́ kí tèmi lọ.