Òkè Tí Wọ́n Bá a Wò

Olókè ni a máa ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ òkè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ dára, ṣùgbọ́n àwa tí a jọ wà nílé ìfọṣọ kò lò ó. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yunifásítì ni. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ló ń kọ́, iṣẹ́ tíṣà ló sì fẹ́ ṣe. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló wá sí òkè òkun lásìkò ìsinmi gígùn ilé-ìwé wọn, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá fi ìyókù àkókò wọn rìn kiri, kí wọ́n fojú rí ayé kí wọ́n tó padà sílé.

Ohun kan ṣoṣo ni Olókè fẹ́ rí. Òkè kan wà ní ìhà àríwá ìlú tí a wà, tí yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ìgbà ooru. Láti ilé-ìwé girama ló ti ń ya àwòrán òkè náà. Ó ní olùkọ́ tó kọ́ òun nípa rẹ̀ kò rí i rí, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ olùkọ́ náà kò rí i. "Èmi ò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní ohun tí mi ò rí, mà," bẹ́ẹ̀ ló wí fún mi. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu ọmọdé, ó sì wù mí.

Iṣẹ́ wa kò lẹ́wà. Abẹ́ ilẹ̀ ni iyàrá náà wà, páìpù gba gbogbo àjà rẹ̀ kọjá, omi gbígbóná ń kán látara wọn sí wa lọ́rùn. Aṣọ ibùsùn àwọn ilé ìtura ni wọ́n ń kó wá, ní òkìtì òkìtì. Èmi ní tèmi, ìdí fèrèsé kékeré kan ni mo ń jókòó sí, tí mo ń rán èyí tó bá ya. Ìdí ẹ̀rọ ìlọṣọ ni wọ́n fi Olókè sí. Ẹ̀rọ náà gùn, irin roboto ńlá tó gbóná ló ń yí nínú rẹ̀, ènìyàn méjì ló sì ń bọ́ ọ. Ọ̀kan á di etí aṣọ mú lápá ọ̀tún, èkejì á dì í mú lápá òsì, wọ́n á fà á le, wọ́n á sì tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá yá ju èkejì lọ, aṣọ á ká jọ, ìka sì lè bá a wọlé. Nítorí náà, ọ̀gá wa obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, kì í tú ẹni méjì ká tí ọwọ́ wọn bá ti bára mu. Òfin rẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ gba ìsinmi pọ̀. Bí ọ̀kan bá lọ, àfi kó dé kí èkejì tó lè kúrò.

Àǹtí Ẹ̀rọ ni ẹnìkejì Olókè. Ọmọ ilẹ̀ wa ni, ó sì ti pẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà ju gbogbo wa lọ. Aláwàdà ni, ẹnu rẹ̀ kò nílẹ̀kùn.

"Olókè, ṣé àwọn òkè tó wà nílé ò tó ẹ wò ni?"

"Àwọn yẹn ò ní yìnyín, mà."

"Wọn ò ní yìnyín! Ṣé o fẹ́ fi mu omi tútù ni?"

A ó sì bú sẹ́rìn-ín, Olókè náà á rẹ́rìn-ín. N kò ní purọ́ mọ́ Àǹtí Ẹ̀rọ: ó tọ́jú ọmọ náà. Nígbà tí irin jó o lọ́rùn ọwọ́, òun ló fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi, òun ló ra ìpara, òun ló ń fi í pa á láràárọ̀ títí egbò náà fi jinná.

Nígbà tí àsìkò iṣẹ́ wọn parí, àwọn ẹgbẹ́ Olókè túká. Fọ́tò wọn ń wọlé sórí fóònù rẹ̀: ọ̀kan dúró níwájú ilé àtijọ́ kan, òmíràn wà nínú ọkọ̀ ojú omi, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bẹ Olókè pé kó dúró díẹ̀ sí i, nítorí àlejò kún àwọn ilé ìtura, pé òun yóò bá a sún ìwé ìgbélùú rẹ̀ síwájú. Olókè gbà, pẹ̀lú àdéhùn kan: kí wọ́n fún òun láyè láti lọ wo òkè náà kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Bí yìnyín bá ti bọ́, wọ́n á dí ọ̀nà ibẹ̀, wọn kì í sì í ṣí i títí òtútù yóò fi kọjá. Ọ̀gá ní kò burú.

Ibi oúnjẹ ọ̀sán ni Àǹtí Ẹ̀rọ ti mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ jáde, lójú gbogbo wa.

"Olókè mi, ọmọ dáadáa. Ọmọ mi obìnrin tó wà nílùú kejì níbí ti bímọ o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wo ọmọ náà, ọ̀sẹ̀ kan péré. Tí mo bá ti dé báyìí, ìwọ náà á lọ. Òkè ò ṣáà lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olókè wo ojú wa yíká. Kí ni ọmọdé fẹ́ sọ? Ẹni tó tó ìyá rẹ̀ í bí, tó fi ìpara pa á lọ́wọ́, ló ń bẹ̀ ẹ́ láàárín àwùjọ.

"Ẹ lọ, mà. Ẹ bá mi kí ìyá ọmọ."

Ọ̀sẹ̀ náà pé, Àǹtí Ẹ̀rọ kò dé. Ó pe Olókè lórí fóònù pé ara ọmọ gbóná. Lẹ́yìn náà ó ní ara ọmọ ti balẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ ò tíì lè dá wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní, "Má fòyà, mò ń bọ̀." Ẹni tí ọ̀gá bá rí ló ń fi sí òdìkejì ẹ̀rọ, ọwọ́ wọn kò sì bá ti Olókè mu. Ewé ti ń já bọ́ lórí igi òde. Bí a bá ń bọ̀ láàárọ̀, èémí wa ń jáde bí èéfín.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá dúró ti Olókè, nítòsí ibi tí mo jókòó sí.

"Ṣé obìnrin yẹn ṣì ń padà bọ̀? Bí o bá ní kò bọ̀ mọ́, mo ní ẹni tí mo lè gbà sípò rẹ̀ lọ́la, ìwọ á sì lọ wo òkè rẹ."

"Ó ń bọ̀."

"Nígbà wo?"

"Ó ń bọ̀, mà."

Nígbà tí ọ̀gá lọ tán, mo pè é.

"Ṣé o mọ ọjọ́ tó ń bọ̀?"

"Rárá, mà."

"Kí ló dé tí o wá ń jẹ́rìí ohun tí o ò mọ̀?"

"Tí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí ńkọ́, mà? Èmi ń lọ sílé. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Ṣé kí n fi oúnjẹ àgbàlagbà pààrọ̀ òkè?"

Mo padà sí ìdí abẹ́rẹ́ mi.

Orí rédíò ni a ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní yìnyín ti bọ́ gidigidi ní ìhà àríwá, wọ́n sì ti dí ọ̀nà òkè náà. Olókè dúró, etí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lódìkejì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ti aṣọ wọlé, aṣọ sì ká jọ, ó jó. Ọ̀gá pariwo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Àǹtí Ẹ̀rọ dé, ara rẹ̀ ń dán, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?" la bi í.

"Ọmọ? Ṣaka lara ẹ̀ dá!" Ó kọwọ́ bọ báàgì, ó yọ ife kan jáde tí wọ́n ya òkè sí lára. "Olókè mi, wo ohun tí mo rà fún ẹ. Mo dé òkè ẹ o! Ọkọ ọmọ mi ló fi mọ́tò kó gbogbo wa lọ kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Háà, ọmọ, ó ga! Bí mo ṣe ń wò ó, ìwọ ni mò ń rò. Mo ní, 'Olókè, mo ti bá ẹ wò ó o.'"

Awakọ̀ tó máa ń kó aṣọ wá, tí òun náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Àǹtí, ṣé wọ́n máa ń báni wò ó ni? Ẹ yáa bá mi jẹun ọ̀sán, kí èmi náà yó."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, ìwọ yìí. Olókè mọ̀ pé inú mi mọ́ sí òun. Àbí?"

Olókè fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà.

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ kú ìrìn."

Ó gbé e sórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni. Olókè kò lóṣòó ti tirẹ̀. Ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá fún un láyè wàyí, nítorí ẹnìkejì rẹ̀ ti dé. Bí wọ́n tilẹ̀ ti dí ọ̀nà, ó lọ. Ó wọ bọ́ọ̀sì dé ibi tí wọ́n fi irin gbọọrọ dábùú ọ̀nà. Ó ní kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀, láti ilẹ̀ dé ojú ọ̀run, pé òun bi ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ̀nà léèrè òkè, ó sì na ọwọ́ sínú kùrukùru. Olókè dúró níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi ń padà.

"Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mà," ó wí fún mi. "Ilẹ̀ ti ń gòkè lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Ẹ̀rọ bi í lójú iṣẹ́, "Ṣé o rí i?"

"Wọ́n ti dí ọ̀nà."

"Háà! Ó mà ṣe o. Mo rò pé bóyá wọ́n á ṣì..."

"Ẹ di etí aṣọ yín mú."

Láti ọjọ́ náà, Olókè kò pè é ní àǹtí mọ́. Síbẹ̀ ọwọ́ àwọn méjèèjì bára mu bíi ti tẹ́lẹ̀, aṣọ kan kò wọ́. Àǹtí Ẹ̀rọ ń ṣàwàdà, ó dà bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. Níkẹyìn ó wá bá mi nídìí fèrèsé.

"Kí ni mo ṣe fún ọmọ yìí gan-an?"

"Ọ̀nà ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí ẹ gbà á kọjá," ni mo dá a lóhùn.

Ó fara ti ògiri. "Ṣé kí n ní mi ò bá wọn lọ ni? Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, kí lèmi náà rí? Ìdí ẹ̀rọ, ilé. Ilé, ìdí ẹ̀rọ." Omi lé sí i lójú. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ pé, Olókè wá dágbére fún wa. Ó dì mọ́ mi, ó ní kí n máa sinmi ojú mi. Ó kí awakọ̀, ó kí ọ̀gá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì nínú omi tó wà nílẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde.

"Ẹ rí i?" Àǹtí Ẹ̀rọ ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Orúnkún méjèèjì! Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Kò bínú sí mi rárá."

Ọ̀gá ti mú ẹlòmíràn wá sí òdìkejì ẹ̀rọ, ọmọbìnrin kan tí kò gbọ́ èdè wa. Aṣọ àkọ́kọ́ wọlé ní wíwọ́.

"Fà á!" Àǹtí Ẹ̀rọ ń pariwo. "Fà á sọ́dọ̀ ẹ!"