Fèrèsé Méjìlélógún Tí Ọ̀dà Dì Pa

Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé iṣu ni mo mú lọ sídìí fèrèsé yàrá ọmọ wa ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò ju kí n ti ẹnu ọ̀bẹ bọ àárín fèrèsé àti férémù rẹ̀ lọ, kí n wò ó bóyá á mì. Kò mì. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó ha ọwọ́ fèrèsé náà, ìyẹn irin kékeré tí à ń dì mú láti fi ṣí i. Ọ̀dà ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo ṣe ń ṣí lójú egbò. Mo sún mọ́ ọn. Funfun ló wà lókè. Àwọ̀ ewé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn funfun mìíràn tó ti pọ́n, àwọ̀ sánmà, àwọ̀ eérú, àwọ̀ wàrà, lẹ́yìn náà funfun tó ṣáájú gbogbo wọn. Méje. Mo tún un kà, méje náà ni. Lábẹ́ ìkeje, nǹkan kan ń dán. Idẹ ni.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti fi ń wo ohun tí mo kà sí irin lásán yẹn. Mo jókòó sórí símẹ́ńtì pupa yàrá náà, mo ń fi èékánná ha ìyókù, iṣu ń jóná lórí sítóòfù, n kò sì mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ilé àtijọ́ ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn.

Enugu ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Awọnlẹ̀ ni ọkọ mi lábẹ́ ìjọba. Wọ́n ní kó lọ síbẹ̀ fún ọdún kan péré, ìdí nìyẹn tí mo fi fi iṣẹ́ olùkọ́ mi ní Ìbàdàn sílẹ̀, tí mo tẹ̀ lé e. Ọdún kan pé, lẹ́tà tó yẹ kó dá wa padà kò dé. “Ọdún tó ń bọ̀” ni wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwa Yorùbá tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ṣe ń gbé: àpótí wà ní dídì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a kì í kan ìṣó mọ́ ògiri, a kì í gbin ohun tó máa ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó so. Bàbá kan wà láàárín wa tó ti lo ọdún mọ́kànlá, tí kò tíì ra kọ́tìnì. Kò sí ẹni tó ń tún ilé tó fẹ́ fi sílẹ̀ lọ́la ṣe. Ọ̀la ọ̀hún ni kò dé. Ọ̀sán á gùn, n kò gbọ́ Ígbò, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́rin sì ti ń fi Píjìn dá mi lóhùn.

Òyìnbó kan tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ èédú ni wọ́n kọ́ ilé náà fún kí a tó gba òmìnira. Ó wà lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Yàrá tò tẹ̀ léra wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, òrùlé rẹ̀ yọ síta gan-an kí òjò má baà kan ògiri. Yàrá kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé níhà méjèèjì, tí wọ́n kọjú síra wọn gbọọrọ. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí. Ẹni tó yàwòrán ilé náà mọ̀ pé kò ní sí ẹ̀rọ amúlétutù, ó fẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé níhìn-ín kó jáde lọ́hùn-ún. Ilé tó ń mí ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ayálégbé tuntun bá dé, àwọn pẹ́ńtà ìjọba á wá, wọ́n á kun ọ̀dà tuntun lé ti àtijọ́, fèrèsé ní títì, láìfá a, láìṣí i. Ìgbà méje. Nínú fèrèsé méjìlélógún, mẹ́rin péré ló ń ṣí nígbà tí a dé. Lẹ́yìn gbogbo wọn, irin tí wọ́n fi ń dènà olè wà níta. Bí mo bá dúró nínú pálọ̀ ní agogo méjì ọ̀sán tí iná lọ, tí fáànù dúró, a máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n gbé mi sínú agolo, wọ́n sì jó ẹnu rẹ̀ pa.

Àyà ọmọ ni ilé náà kọ́kọ́ mú. Ikọ́ fée ni. Dókítà gbé ẹ̀rọ lé e láyà, ó ní kò sí oògùn tó máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́, tí ògiri rẹ̀ ń hu èbu. Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó kọ̀wé láti Abẹ́òkúta: bí Kérésì bá fi dé tí ikọ́ náà kò tíì dáwọ́ dúró, òun ń bọ̀ wá mú ọmọ òun lọ. Ọkọ mi gbà. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ pé n kò gbà. Bí wọ́n bá mú ọmọ yẹn lọ, èmi àti àpótí ló kù nínú ilé.

Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé ní ọjọ́ tí mo rí idẹ, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí yàrá.

“Ilé ìjọba lo ń fi ọ̀bẹ fá yẹn, Màmá.”

“Dádì, idẹ ni. Ẹ wò ó.”

“Kó tiẹ̀ jẹ́ wúrà. Bí wọ́n bá fún mi ní kúẹ́rì, ṣé idẹ ló máa bá mi dáhùn?”

“Ọmọ ń wú ikọ́.”

“Mo gbọ́. Etí mi kò dí.” Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. “A ò ní pẹ́ lọ. Ọdún tó ń bọ̀.”

“Ẹ bá mi bi ọdún tó ń bọ̀ bóyá ó ní fèrèsé.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. Kò ní kí n ṣe é, kò ní kí n má ṣe é. Ó ní kí n ṣáà má ṣe jẹ́ kí òun máa rí i.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi fá fèrèsé kan pẹ̀lú ọ̀bẹ, kò sì ṣí. Mo ṣírò rẹ̀: bí mo bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, Kérésì á dé bá mi lórí ìkeje. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi, tó ń se ọṣẹ dúdú tà. Ó máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe gbé omi eérú rẹ̀ kalẹ̀ sítòsí ilẹ̀kùn, nítorí ó máa ń bó ọ̀dà. Eérú èèpo kòkó ni tirẹ̀. Ní Enugu, mo wá eérú ìdì ẹyìn tó ti ṣófo lọ sí ọjà Ogbete. Obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀.

“Madam, ẹ̀yin Yorùbá náà ti ń jẹ abacha?” Píjìn ló fi sọ ọ́. Eérú yẹn ni wọ́n fi ń po epo tí wọ́n ń da sórí abacha, oúnjẹ pákí àwọn Ígbò.

“Fèrèsé ni mo fẹ́ fi sè.”

Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í, ó fi Píjìn pariwo: “Ẹ wá gbọ́! Ìyàwó Yorùbá yìí ń se fèrèsé! Ẹ fi edé sí i o, madam!”

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo da eérú sínú ajọ̀ tí mo tẹ́ aṣọ sí, mo ń da omi gbígbóná lé e díẹ̀díẹ̀, omi tó kán sílẹ̀ ni mo sè títí ó fi ń yọ̀ bí omi ilá, tó sì ń ta èèyàn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n omi kì í dúró lára fèrèsé, ó ń ṣàn lọ. Ìgbà kẹta tó ṣàn dà sí mi lẹ́sẹ̀ ni mo ro ògì pọ̀ mọ́ ọn. Ògì gbé e ró. Mo fi ìgbálẹ̀ tó ti kúrú kùn ún, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó má baà gbẹ, mo fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo ṣí ewé, àwọ̀ méjèèje ti wú, wọ́n rọ̀ bí ẹ̀bà tó mu omi jù. Mo fi ṣíbí ha á kúrò, mo fi omi púpọ̀ ṣàn án.

Fèrèsé yàrá ọmọ ló kọ́kọ́ ṣí. Ó ké bí ìgbà tí wọ́n bá fa ìṣó nínú pákó tútù, ó sì yọ. Atẹ́gùn wọlé pẹ̀lú òórùn koríko. Ọmọ mi fi imú sáàárín irin olè, ó ń mí. Ní ìparí oṣù kẹwàá, mo ti ṣí mẹ́sàn-án kún mẹ́rin. Ikọ́ náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó ń fo ọjọ́ kan, ó ń fo ọjọ́ méjì.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pálọ̀. Irin ni férémù fèrèsé inú yàrá, ìrókò ni ti pálọ̀, ọ̀dà sì bò ó tí n kò fi mọ̀. Mo kun omi eérú àti ògì sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo ṣàn án, igi náà dúdú láti òkè délẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Ọmọ ọlọ́ṣẹ ni mí. Ó yẹ kí n rántí bí ọ̀pọ́n ìrókò tí ìyá mi fi ń po ọṣẹ ṣe dúdú tó. Èmi rò pé ọjọ́ ogbó ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà dé sí ọ́fíìsì ọkọ mi: olùyẹ̀wò ilé ìjọba ń bọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ọkọ mi dúró níwájú igi dúdú náà pẹ́. “Wọ́n á ní mo dáná sun ilé,” ló wí. Kò pariwo. Ó bà mí nínú jẹ́ ju ariwo lọ.

Mo lọ sí àdúgbò Coal Camp, mo wá káfíńtà àgbàlagbà kan tí wọ́n sọ fún mi pé ó bá àwọn tó kọ́ irú ilé wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó dé, ó wo férémù, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

“Madam, ta ni ilé yìí ṣẹ̀?”

“Bàbá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ṣé ó ṣe é wẹ̀?”

“Ìrókò kò fẹ́ eérú. Igi tí ẹ bá fún ní eérú mu, ẹ tún fún un ní nǹkan kíkan.” Ó fi èékánná ha igi náà, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ọsàn wẹ́wẹ́. Èyí tó pọ̀. Ẹ tún ní àbẹ́là nílé? Ẹ fi ra etí fèrèsé tó bá ti ṣí. Ọ̀dà kì í mú àbẹ́là.”

Ọgọ́ta ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fún. Àwọ̀ igi náà kúrò ní dúdú, ó di àwọ̀ tíì tó pọ́n dáadáa. Apá ìsàlẹ̀ kò kúrò tán, mo gbé àga síwájú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn mo tún ṣí mẹ́fà, ó di mọ́kàndínlógún. Mẹ́ta tó kù, ìpẹtà ti jẹ hínjì wọn di ẹyọ kan.

Olùyẹ̀wò wá pẹ̀lú fáìlì. Ó rìn láti yàrá dé yàrá, ọkọ mi ń tẹ̀ lé e, èmi ń tẹ̀ lé ọkọ mi. Ní yàrá ọmọ, ó fi ìka kan fa ọwọ́ fèrèsé, fèrèsé ṣí. Ó yíjú padà.

“Ta ló ṣí i?”

“Èmi ni, sà,” ni mo wí kí ọkọ mi tó lanu.

“Àṣẹ ta ni?”

Mo tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ó fọwọ́ pa irin tó wà níhòòhò, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, ó tún kọ òmíràn. “Ìpẹtà á jẹ ẹ́ báyìí,” ló wí. “Àwọn pẹ́ńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n á kun gbogbo rẹ̀.” Ó kí wa, ó lọ.

Ọkọ mi mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí kúẹ́rì. Èmi jókòó. Wọ́n tún ń bọ̀ wá tì wá mọ́lé.

Mo pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn. Àbẹ́là mẹ́jọ ni mo rà, mo fi ra etí fèrèsé, òkè, ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, títí apá fi ń ro mí. Ní ọjọ́ Ajé, ọkọ mi mú ọmọ lọ sí ọ́fíìsì nítorí òórùn ọ̀dà. Pẹ́ńtà mẹ́ta dé.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kí ẹ tó kùn ún,” ni mo wí.

“Madam, ìwé tí wọ́n fún wa kò ní ká ṣí nǹkan kan.”

“Ṣé ó ní kí ẹ tì í ni?”

“Ẹ ṣáà jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn, ẹ jáde síta.”

Wọ́n kun gbogbo rẹ̀ ní títì, ìkẹjọ lórí irin tí mo ti fá. Mo dúró lẹ́yìn wọn láti yàrá dé yàrá bí aṣọ́bodè tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo dúró kó gbẹ, ọjọ́ méjì yẹn sì gùn ju oṣù mẹ́rìnlá lọ. Ní ọjọ́rú, mo fa èkíní. Ó dún pẹ̀ẹ́, ó ṣí. Mo rìn yí ilé ká, mo ń fà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlógún ṣí. Ti balùwẹ̀ kò ṣí. Àbẹ́là tán lọ́wọ́ mi níbẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dé ṣáájú Kérésì, ó gbé àpò òfìfo wá fún aṣọ ọmọ. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Mo ti kọ́ láti máa ti ìhà ibi tí eruku ti ń wá, kí n ṣí ìhà kejì. Òun àti ọmọ jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ń fetí sí àyà rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ká àpò náà pọ̀ mẹ́rin.

“Ikọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gbọ́,” ló wí fún mi. “Mo fi í sílẹ̀ fún ọ títí di Àjíǹde. Lẹ́yìn Àjíǹde, mo ń bọ̀ wá wò ó.”

Orúkọ ọkọ mi kò sí lára àwọn tí wọ́n gbé padà lọ́dún yẹn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní, mo po eérú àti ògì, mo kùn ún sí ti balùwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí. Mọ́kàndínlógún ń ṣí, mẹ́ta kò ṣí.