Ọgbà Tiwa, Omi Tiwọn

Ó ti rẹ̀ mí o. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń gbà lọ ni mo ń sọ. Ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí, koríko ilé onílé ló fà á, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́.

Nígbà tí a kó dé ilé yìí, lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá níbí, bàbá onílé pe gbogbo àwa ayálégbé jọ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wàhálà. Ọgbà tó wà níwájú ilé, tiwa ni. A ó máa ro ó, a ó máa gbá a. Súwímìn púùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tiwọn ni. Àwọn ni wọn yóò máa fọ̀ ọ́. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n ń kọ́lé, pé òun yóò máa wá ṣọdún níbẹ̀. Ta ló ń lúwẹ̀ẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́? Ká rí omi fọṣọ ná! Ọmọ ọ̀hún ò wá. Omi òjò ló kún ibẹ̀, ó di àwọ̀ ewé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ wá ń ké nínú rẹ̀ bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní kọ̀rọ̀ wa. Ẹ̀fọn ibẹ̀ jẹ wá dé egungun.

Ní ti ọgbà, àdéhùn ni pé ká máa pín in ṣe ní Sátidé. Ìyá tó ń gbé lókè ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ọkùnrin tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ní iṣẹ́ alẹ́ lòun ń ṣe. Ọkọ mi ní ṣebí mo mọ̀ pé òun ò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Ó wá ku èmi nìkan ṣá. Ìyá òkè á máa kọjá lọ, wọ́n á ní, "Ìyàwó, kú iṣẹ́ o. O mà fẹ́ràn òdòdó o!"

Òdòdó kẹ̀? N ò fẹ́ràn òdòdó rí láyé mi. Olóbi ọmọ mi ló wà níbẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ayé ti fi mí ṣẹlẹ́yà. Lọ́jọ́ tí mo bí i, nọ́ọ̀sì di olóbi sínú ọ̀rá dúdú, ó gbé e fún ọkọ mi. Ó yẹ ká gbé e lọ sí ilé bàbá rẹ̀ nílùú wọn, níbi tí wọ́n ti ń sin ti gbogbo ọmọ ìdílé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, ara mi ò tíì yá, olóbi kì í sì í dúró deni. Ìyá ọkọ mi ló gbẹ́ ilẹ̀ ọgbà ní ìdájí kí àwọn ará ilé tó jí. Wọ́n sin ín, wọ́n ri igi ewúro kan mọ́ orí rẹ̀. Wọ́n ní, "Má sọ fẹ́nì kankan o. Ayé le. Má sì jẹ́ kí ẹlòmíì gbé ọkọ́ débẹ̀."

Pásítọ̀ wa ní irọ́ ni gbogbo nǹkan bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti tó. Mo ṣe àmín. Mo sì ń ro ọgbà lọ. Ẹni tó ti sunkún ọmọ rí, ṣé yóò wá máa dán ayé wò ni? Bí ibà bá mú ọmọ náà, màá kọ́kọ́ yọjú wo ewúro ná kí n tó lọ ra oògùn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀fọn pọ̀ débi pé gbogbo wa kóra jọ lọ bá bàbá onílé. A ní kí wọ́n ṣe tiwọn, torí àwa ń ṣe tiwa. Àwa kẹ̀! Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n ní àwọn á wá nǹkan ṣe sí i.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ti géètì wọlé. Púùlù ti di pẹrẹsẹ. Wọ́n ti fi iyẹ̀pẹ̀ dí i. Iyẹ̀pẹ̀ ibo? Iyẹ̀pẹ̀ ọgbà! Àwọn lébírà ti gbẹ́ ọgbà kanlẹ̀, wọ́n ti da gbogbo rẹ̀ sínú ihò, wọ́n wá ń fi kọnkéré bo ojú ibi tó kù. Mo wá ewúro mi títí, n ò rí i.

Bàbá onílé jáde sí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Ìyàwó, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ọ́. Ìwọ nìkan lò ń bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹrú, àwọn yòókù ń fi ọ́ ṣe òmùgọ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bò ó. Lọ sinmi, ọmọ mi."

Kí ni kí n sọ? Kí n ní mo ti sin nǹkan sínú ilẹ̀ wọn láìgba àṣẹ? Inú bí mi, mo fẹ́ figbe ta. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ ó pẹ́ fún wa." Àánú mi ló ṣe wọ́n, báwo lèèyàn ṣe ń bú ẹni tó ṣàánú òun?

Mo wọlé, mo fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ mi. Kò gbóná. Ó ń jẹ gúgúrú. Ó ní, "Mọ́mì, kí ló dé?" Mo ní kò sí nǹkan.

N ò sọ fún ìyá ọkọ mi. Bí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, wọ́n á ní, "Ewúro wa ńkọ́?" Màá ní, "Ó wà níbẹ̀, Màámi." Irọ́ yẹn ń wúwo lẹ́nu mi ju ọkọ́ lọ.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, koríko hù bo ibi tí púùlù wà tẹ́lẹ̀. Láàárín rẹ̀, lẹ́bàá àtẹ̀gùn irin púùlù tí wọn ò tíì yọ, mo rí ewé kan. Mo já a, mo fi sẹ́nu. Ó korò. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, mo dìde lọ mú ọkọ́.

Bàbá onílé yọjú lójú fèrèsé. "Ìyàwó! Fi ibẹ̀ yẹn sílẹ̀ jàre, tèmi nibẹ̀ yẹn. Ṣé o ti gbàgbé àdéhùn wa ni?"

Mo ní, "N ò gbàgbé, bàbá." Mo tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.