Fáda Kírísímásì ló gba ọpẹ́ mi

Mo fi owó gáàsì ra ọpẹ́ fún Fáda Kírísímásì lónìí o.

Ilé ìwé ọmọ mi ní Mowe ní kí òbí kọ̀ọ̀kan ra ẹ̀bùn ọmọ tiẹ̀ wá, Fáda Kírísímásì á wá bá wa fún wọn. Mo ra bèbí tó ti ń tọrọ tipẹ́, tí mo máa ń sọ pé kò sówó.

Nígbà tí ọmọ gbé bèbí náà délé, mo ní kó gbàdúrà sí ìrẹsì tí mo fi èédú sè.

"Jésù, o ṣeun fún Fáda Kírísímásì. Bù kún un. Jọ̀ọ́, fọwọ́ kan ọkàn mọ́mì mi, kí àwọn náà máa fúnni ní nǹkan."

Ọkọ mi, tá a jọ lọ ra bèbí yìí, ló kọ́kọ́ pariwo "Àmín!"

Ẹ̀yin òbí, ṣé kí n sọ òótọ́ fún ọmọ ni, àbí kí n kọ́kọ́ bá bàbá ẹ̀ jà?